Ẹ ka háídrójìn kí ẹ tó gba ṣóńṣó gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka kẹ́mísìrì ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjagun, ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, wọ́n gbé bébà tó jáde láti inú ẹ̀rọ GC fún mi, ẹ̀rọ tó ń ya àdàlù sọ́tọ̀, tó sì ń ya ṣóńṣó kan fún ohun kọ̀ọ̀kan; bí ohun náà bá ṣe pọ̀ tó ni ṣóńṣó rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Isobutane (gáàsì tí kábọ́nù kan wà láàárín rẹ̀, tí mẹ́ta sì wà ní etí) tí wọ́n fi klorínì sí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni. Ṣóńṣó méjì ló wà lórí bébà náà. Tert-butyl chloride (klorínì wà láàárín), tó kọ́kọ́ jáde, kó ìdá 36 nínú 100. Isobutyl chloride (klorínì wà ní etí) tó tẹ̀ lé e kó 64. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé háídrójìn etí ni klorínì ń tètè já gbà. Wọ́n fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọ̀gá tó ń bójú tó lábù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní kí n jókòó. "Àbúrò, ká ní régbérégbé wa ń dáwó aṣọ Ojúde Ọba. Ènìyàn 9 láti ilé kan da owó pọ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún 64 náírà. Ẹnì kan ṣoṣo dá ẹgbẹ̀rún 36. Ta lọ́wọ́ rẹ̀ yá jù?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mú bírò. Háídrójìn 9 ló wà ní etí isobutane, ẹyọ kan ló wà láàárín. Ẹ pín 64 sí ọ̀nà 9, ó fi díẹ̀ ju 7 lọ, àmọ́ 36 ti àárín kò ní alábàápín. Ti àárín fi ìlọ́po 5 yá ju ti etí lọ! Kábọ́nù mẹ́ta ló ń gbe ibi tí háídrójìn yẹn ti kúrò ró, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti já. Brómínì tilẹ̀ ń ṣa ibi tó fẹ́ ju klorínì lọ: ó lé ní 99 nínú 100 tó máa ń lọ sí àárín.

Ẹ̀kọ́ kejì dùn mí jù, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo po chloride méjèèjì pọ̀ láti fi dán ẹ̀rọ wò, mo ṣí ìgò náà sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ìwọ̀n ooru 51 ni ti àkọ́kọ́ ti ń hó, ti èkejì di 69. Ti àkọ́kọ́ ló tètè fò lọ jù; nígbà tí mo dé, ṣóńṣó rẹ̀ ti rù.

Ẹ dé ìgò yín pinpin, ẹ fi í sínú yìnyín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ fa nínú ìgò kan náà báyìí. Bí ṣóńṣó àkọ́kọ́ bá ń kéré sí i, mo mọ̀ pé ìdérí ò mú.