Ṣé kí a so Corolla mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ohun tí mò ń kọ síbí ti mọ bọ́ọ̀sì wa, Mercedes 508 àtijọ́ tí a yọ gbogbo àga inú rẹ̀, tí a fi ibùsùn, sítóòfù gáàsì àti àgbá omi sí i. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé e káàkiri Èkìtì, tí a ń sùn sínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń bi mí jù báyìí ni pé kí ló dé tí a kò so ọkọ̀ kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, kí a máa fà á lọ, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe. Mo ti rò ó títí. Mi ò ní í so ó, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá ń ro irú rẹ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mú àbá náà wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá ti gúnlẹ̀ síbì kan, tí ìkòkò ti wà lórí iná, ata tó bá tán di wàhálà, àfi kí a palẹ̀ ilé mọ́ ká tó lọ ra á. Ní Ìkògòsì, lẹ́yìn tí a ti wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, ó wù ú kí a lọ sí Ìpólé-Ìlórò lọ wo ìṣàn omi Àrìntá. Kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n odindi ilé la máa gbé lọ. Ó wá bi mí léèrè èyí tó wọ̀ mí lára: "Bàbá Ìbejì, bí ara ẹnìkan nínú wa bá yí lóru ńkọ́? Ṣé ẹ ó máa kó ẹrù kí a tó dé ọsibítù?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Mo gbé Corolla wa lọ bá mẹ́káníìkì mi ní Adó. 2005 ni, ọtomátíìkì. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, ó fi ìka nu ọ́ìlì pupa tó wà lórí rẹ̀, ó sì nà án sí mi. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ jíà yìí nìyí o." Ó ní táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú Corolla. Bí táyà iwájú bá ń yí nílẹ̀, àwọn irin inú jíà náà ń bá a yí, kódà bí a bá fi jíà sí fíríì. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì yìí káàkiri, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ẹ́ńjìnnì ti kú, pọ́ǹpù ti dúró, irin ń gbo irin láìsí ọ́ìlì. "Kí ẹ tó dé Arámọkọ, jíà lè ti jóná."

Ọkọ̀ mánúà yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn la lè fi sí fíríì, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí nílẹ̀ bí a ṣe ń fà á, bí ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọtomátíìkì díẹ̀ náà wà tó ṣe é fà. Honda CR-V tí wọ́n ṣe títí di 2014 wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn fún un ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ìlànà wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti jíà kó tó gbéra. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín. Ẹ má fetí sí ẹni tó bá ní kò sí ìṣòro. Kọ́kọ́rọ́ pàápàá ní ibi tó gbọ́dọ̀ wà, kí sítíárìn má baà tì pa, kí táyà iwájú lè tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì ní kọ́nà, bátìrì sì lè tibẹ̀ gbẹ.

Ó ku ọ̀nà méjì fún Corolla tiwa: kí a gbé táyà iwájú rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ onírin kékeré, kí ti ẹ̀yìn máa yí nílẹ̀, tàbí kí a gbé e lódindi sórí tírélà kékeré. Wẹ́dà kan tí mo mọ̀ ní òun lè jó èyíkéyìí. Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe wúwo tó, ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ni màá ṣe ìṣirò yẹn fúnra mi.

Nọ́mbà ara àwọn Mercedes wọ̀nyí kì í ṣe lásán. 911 tí gbogbo wa mọ̀ nídìí gẹdú àti yanrìn, 9 ń tọ́ka sí tọ́ọ̀nù bíi mẹ́sàn-án, 11 sí agbára ẹṣin bíi 110. 508 tiwa, tọ́ọ̀nù bíi márùn-ún, agbára ẹṣin bíi 80. Ìwé rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wúwo ju 4,600 kg lọ. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí wọ́n ti ń wọn típà, pẹ̀lú omi, gáàsì, jẹnẹrétọ̀ àti àwa méjèèjì nínú rẹ̀: 4,280 kg. Àgbá omi lítà 200 nìkan, 200 kg ni. Lóòótọ́, ẹrù tí ọkọ̀ lè rù yàtọ̀ sí èyí tó lè fà, ṣùgbọ́n Corolla ju 1,100 kg lọ. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n bọ́ọ̀sì, a ò sì tíì ka tírélà mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti gba Ìtàwúré lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Jíà kejì ni bọ́ọ̀sì yìí fi ń gun òkè náà láìfa nǹkan kan. Gígùn rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó sísọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ tí a ń fà kò ní ẹni tó ń tẹ bíréèkì fún un, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ á máa ti bọ́ọ̀sì níwájú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ ẹ̀yìn tó máa ń bá wọn tẹ bíréèkì tirẹ̀ nígbà tí ti iwájú bá tẹ̀. Bí kò bá sí i, bíréèkì bọ́ọ̀sì nìkan ló máa ru gbogbo rẹ̀, bíréèkì tó bá sì ti gbóná jù kì í mú mọ́. Mi ò lè gbé ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n lórí bíréèkì tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí.

Ká tilẹ̀ ní mo ra ọkọ̀ mánúà, mo ra ẹ̀rọ bíréèkì, ohun tó parí ọ̀rọ̀ fún mi ṣì kù: rìfáàsì. Ọkọ̀ tí a ń fà pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ kò ṣe é fi padà sẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń padà, táyà iwájú ọkọ̀ ẹ̀yìn á yí sódì, ọkọ̀ á dábùú, irin ìfà á tẹ̀. Mímọ ọkọ̀ wà kò ràn án. Àfi kí ènìyàn bọ́ sílẹ̀, kó tú u, kó wa ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, kó tún so ó. Níbí yìí, igi lè wó dí ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n lè ti na kánópì sí àárín títì nítorí ìnáwó, kí àwọn ọ̀dọ́ máa juwọ́ sí yín pé kí ẹ padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ìjerò. Ògiri ilé amọ̀ wà lápá kan, gọ́tà jíjìn lápá kejì. Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́yìn, ó ń ké pé, "Ọwọ́ ọ̀tún! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ dúró!" títí a fi dé oríta. Ká ní Corolla wà lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ la ò bá máa tú irin, tí ọkọ̀ ń to lẹ́yìn wa, tí àwọn onínàwó ń wò wá.

Ọmọ wa kan ní kí a gbé alùpùpù kọ́ sẹ́yìn dípò ọkọ̀. Nǹkan bíi 110 kg tó bá rọ̀ sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn á máa gbé iwájú bọ́ọ̀sì fúyẹ́, sítíárìn á sì máa fò lọ́wọ́ ẹni. Mi ò fẹ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Bí ibi tí à ń lọ kò bá ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, bọ́ọ̀sì nìkan là ń gbé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀, a ti gba nọ́mbà rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ òru tí ìyàwó mi sọ, imú bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọjú sí títì kí a tó sùn, kí àga wọlé, kí a ti gáàsì pa, kí ohunkóhun má so mọ́ ọkọ̀ níta. Ibùsùn kò nílò kíká kí ọkọ̀ tó lè rìn. Ó ní kí n dán an wò lóru kan ká rí i, mo ṣe é, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Bí a bá fẹ́ pẹ́, òun á wa Corolla. Lóòótọ́ epo ọkọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n Adó sí Ìkẹ́rẹ́ kò tó 20 km, ọ̀nà tiwa kò jìn. Ẹni tó bá ń ti Èkìtì lọ sí Jọ́ọ̀sì tàbí Kàlàbá, tí títì ńlá ni yóò máa gbà, tó ní ọkọ̀ tó ṣe é fà àti ẹ̀rọ bíréèkì rẹ̀, mi ò ní dá a lẹ́kun.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Òmùò là ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní òun á ṣáájú pẹ̀lú Corolla, nítorí èéfín dísù ń yọ òun lẹ́nu, a ó pàdé ní Ìkọ̀lé ra iṣu. Wẹ́dà ṣì ń pè mí lórí irin ìfà. Mo ti ní kó jó àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì dípò rẹ̀, nítorí orúnkún ìyàwó mi. Ó ní kí n wá gbé e ní ọjọ́ Jímọ̀.