Èjìká òsì, orí àti ìwé ìbí: ẹ̀kọ́ fún àbúrò tó fẹ́ gbá rọ́gbì fún orílẹ̀-èdè

Àbúrò mi, ìwọ tí o ń gbé bọ́ọ̀lù rọ́gbì sáré ní Ìkòròdú kí oòrùn tó mú, mo mọ̀ pé orúkọ Maro Itoje ò wọ́n lẹ́nu rẹ. Kò burú. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n bí i sí, òun ló sì ṣe olórí British and Irish Lions, ikọ̀ tí wọ́n ń ṣà jọ láti England, Scotland, Wales àti Ireland, lọ sí Ọsirélíà ní 2025. Ṣùgbọ́n agbára àti eré sísá kò wọ́n ní àdúgbò wa. Nǹkan mìíràn ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró lọ́nà, òun ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà rẹ. Èèyàn 15 ló ń gbá a: 1 sí 8 ni forwards, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ wọnú scrum, níbi tí ikọ̀ méjèèjì ti ń fi èjìká ti ara wọn torí bọ́ọ̀lù; 9 sí 15 ni backs, àwọn tó ń dúró lẹ́yìn wọn. Gbogbo ọmọ tó mọ eré sá ló fẹ́ wọ 11 tàbí 14. Ẹni tó fẹ́ wọ 1 àti 3, nọ́ńbà àwọn prop tó wà lọ́tùn-ún àti lósì iwájú scrum, ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọjà ń ṣí sílẹ̀. Tendai Mtawarira, ọmọ Zimbabwe tí wọ́n ń pè ní Beast, ẹ̀yìn scrum ló ti ń gbá tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di prop ní Durban. Ó gbá fún Gúúsù Áfíríkà nígbà 117, ó sì gba ife àgbáyé ní 2019. Bí kóòṣì bá ní kí o yí nọ́ńbà padà, má bínú, bi í léèrè ohun tó rí lára rẹ. Kìkì pé kí o má ṣe wọ iwájú scrum láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ. Ọrùn ló ń ru gbogbo ẹrù ibẹ̀.

Tackle, ìyẹn dídi ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú wólẹ̀, wá ni kí o fara balẹ̀ gbọ́. Má wo bọ́ọ̀lù, má wo ojú ẹni tó ń bọ̀, torí méjèèjì ló ń tan èèyàn jẹ. Ìbàdí rẹ̀ ni kí o tẹjú mọ́, ibi tí ìbàdí bá yà sí ni ara ń lọ. Sáré sún mọ́ ọn. Nígbà tó bá ku bíi mítà méjì, gé ìṣísẹ̀ rẹ kúrú. Bí èjìká òsì lo fẹ́ lò, ẹsẹ̀ òsì ni kí o fi tẹ ilẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá jìnnà, wàá nà gbọọrọ bí ẹni fò sínú ọ̀sà, agbára á sì ti tán lára èjìká kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tẹ orúnkún, jẹ́ kí ẹ̀yìn nà, gbójú sókè. Èjìká lọ sí itan rẹ̀. Orí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì dì í yíká, má sì dá ẹsẹ̀ dúró títí yóò fi wólẹ̀.

Orí tó bá wà níwájú ẹni tó ń sáré ni orúnkún àti egungun ìbàdí máa ń bá pàdé. Ẹni tó bá dorí kodò ní tirẹ̀ ń fi àtàrí kan èèyàn, ìyẹn sì lè fọ́ ọrùn. Ìgbà tó bá ti rẹ èèyàn gan-an ni àṣìṣe yìí ń pọ̀: ní 20 ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nínú 80, orúnkún kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́, èèyàn á nàró ṣánṣán, ọwọ́ á kọjá èjìká ẹnì kejì, rẹfirí á sì yọ káàdì. Yẹ́lò yóò mú ọ jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni 7, ìṣẹ́jú 2 ni.

Iyanrìn etí òkun Àgbádárìgì dára púpọ̀ fún kíkọ́ èyí. Bẹ̀rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kí ẹnì kejì rẹ máa rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ dìde, kí ẹ máa rìn. Ó dìgbà tí orí kò bá ṣìnà mọ́ kí ẹ tó sáré. Bí o bá ṣe 10 pẹ̀lú èjìká ọ̀tún, ṣe 15 pẹ̀lú òsì. Alátakò tó bá ti mọ̀ pé òsì rẹ kò dá ṣáṣá, apá ibẹ̀ ni yóò máa gbà kọjá, níbi tí o bá sì ti ń wá ọ̀nà lo ọ̀tún ni orí rẹ yóò ti bọ́ síwájú rẹ̀. Fún ọrùn, fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí rẹ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí orí má mira, ìṣẹ́jú àáyá 10 níbì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá jẹ́ pápá oníkoríko lẹ fẹ́ lò, kí gbogbo yín kọ́kọ́ tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, kí ẹ rìn ín já, kí ẹ ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò.

Bí orí bá gba nǹkan, kò dìgbà tí èèyàn bá dákú. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó bi ọ́ léèrè iye àmì ayò lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bì, ìmọ́lẹ̀ ń dà á lójú láàmú: ọ̀kan péré nínú wọn tó. Ohun tí mo kórìíra jù ní pápá wa ni kí wọ́n tú omi pọ́wọ̀tà sí ọmọ lórí, kí wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, kí wọ́n sì tì í padà wọlé. Ó ti jáde nìyẹn lọ́jọ́ náà. Fún ẹni tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú dókítà tó mọ̀ nípa orí, ìlànà World Rugby, àjọ tó ń darí rọ́gbì lágbàáyé, ni pé kò gbọdọ̀ padà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 21. Bí ọrùn bá ń dùn ún tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú tipiri, ẹ má gbé e, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú gbọnyin títí olùtọ́jú yóò fi dé. Steve Thompson wà nínú ikọ̀ England tó gba ife àgbáyé ní 2003. Ọmọ ọdún 42 ni nígbà tó jáde sọ pé àrùn ìgbàgbé ti mú òun, òun kò sì rántí pé òun gba ife náà.

Fún èémí, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Bronco ni àwọn ikọ̀ ńlá ń lò, kò sì náni lówó. Gbé àmì sí orí 0, 20, 40 àti 60 mítà. Fi téèpù wọ̀n ọ́n, má fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n. Sáré dé 20 kí o padà, dé 40 kí o padà, dé 60 kí o padà. Ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan. Márùn-ún láìsinmi jẹ́ mítà 1,200. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 5 ni wàá fi parí, kí o wá máa gé e kúrú láti ibẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú sá ẹyọ àkọ́kọ́ ni ẹ̀kẹta máa ń dá dúró. Oòrùn Ẹ̀pẹ́ kò mọ akọni, tètè ṣe é láàárọ̀.

Oúnjẹ kò le: ẹja Ẹ̀pẹ́, ẹ̀wà, ẹyin, kí o sì jẹun tó. Ohun tó ń fòpin sí iṣẹ́ wà nínú ife àti nínú ike oògùn. Nínú òfin ìlòkulò oògùn, ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú ìtọ̀ rẹ, ọrùn rẹ ló wà, ì báà ṣe ìyá rẹ ló fún ọ mu. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti pọ́dà inú ike tí wọ́n ń tà pé ó ń mú igẹ̀ yọ, jìnnà sí wọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, Tramadol náà ti di èèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Bí ó bá jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ lo irú èyí tó ń kọ́ iṣan, ìyà rẹ̀ lè tó ọdún 4. Jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé o ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó kọ oògùn fún ọ.

Ìwé wá ńkọ́? O lè gbá fún ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí, tàbí ibi tí wọ́n bí òbí rẹ tàbí òbí wọn sí, tàbí ibi tí o ti gbé fún oṣù 60 léraléra. Bí o bá ti gbá fún ikọ̀ àgbà kan, tiwọn ni ọ́. Kí o tó lè yí padà, o ní láti lo ọdún 3 láìgbá fún wọn, kí ìwọ, òbí rẹ tàbí òbí àgbà rẹ sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Èkó ni wọ́n bí Andrew Harriman sí, òun ló sì ṣe olórí ikọ̀ England tó gba ife àgbáyé ẹlẹ́ni 7 àkọ́kọ́ ní 1993. Nítorí náà tọ́jú ìwé ìbí, kí orúkọ orí rẹ̀ bá ti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti páspọ́ọ̀tù mu, títí dé lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá ń gbowó kí ìwé àdéhùn tó jáde, sá fún un. Nínú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ abẹ sí, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù rẹ bí o bá fara pa fún oṣù 6. Kílọ́ọ̀bù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ọ lọ́wọ́ nígbà tí orílẹ̀-èdè bá pè ọ́ ní àsìkò tí wọ́n yà sọ́tọ̀.

Bí o bá fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn, gbé fóònù sókè lágbègbè àárín pápá, kí o sì fi odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ránṣẹ́, kì í ṣe àwọn ibi tí o ti gbá a wọlé nìkan. Kóòṣì tó bá ń wò ó yóò ka ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló gbà ọ́ láti dìde lẹ́yìn tackle. Yóò tún wò ó bóyá èjìká òsì náà wà níbẹ̀.