Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé ní Festac, ẹ béèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ilé máa ń bi mí bóyá Festac l'Ékòó ṣì ṣeé gbé. Ó ṣeé gbé. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo ti tọ́mọ, mi ò sì ní in lọ́kàn láti kó kúrò. Ṣùgbọ́n táìlì àti ọ̀dà ara ògiri ni ẹ̀jẹ́ńtì máa ń fi hàn yín. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ìlú yìí fún. Láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, àwọn olórin, oníjó àti òṣèré tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé ló dé síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé náà, kèké sì mú bàbá mi. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, wáyà iná gba abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo wa sì ń gba inú páìpù lọ síbi kan náà. Fún ìyá mi, tó dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó sì mọ agbépòó, ẹni tó ń ru garawa ìgbẹ́ láti ilé dé ilé, ọ̀rọ̀ páìpù yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Nínú kúlóòsì wa, ìyẹn òpópónà kékeré tí kò já síbì kan, ìyá Calabar tó múlé tì wá ló kọ́ mi ní ọbẹ̀ edikaikong, ọmọ Íbò tó wà lókè wa sì gbọ́ Yorùbá dénú.

Páìpù yẹn ló kọ́kọ́ dákú. Iye èrò kan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn fa yàrá kún ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú títì, àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ ògiri lé orí ihò tó yẹ kí wọ́n máa gbà tún páìpù ṣe. Ibi tó bá dí, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sọ́kàwé tirẹ̀, ìyẹn kòtò tí omi ẹ̀gbin ilé ń ṣàn sí, sórí ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi yanrìn kún. Omi kò jìnnà sílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Tó bá di Òkúdù, tí òjò ń rọ̀, sọ́kàwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n á tún kún.

Nítorí náà, ẹ wá wo ilé náà lẹ́yìn òjò, kì í ṣe nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà kúlóòsì pé ọjọ́ mélòó ni omi máa ń lò kó tó fà. Òun kò ní ilé tó fẹ́ háyà fún yín. Ẹ béèrè ibi tí sọ́kàwé wà, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí kànga ẹ̀rọ wà. Ó yẹ kí 30 mítà wà láàárín wọn, ojú ilẹ̀ Festac kì í sì í sábà gba èyí. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, ẹ má fi omi yẹn sẹ́nu láìsè é, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín.

Ẹni tó fẹ́ rà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ FHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ni ìwé àwọn ilé yìí ti jáde. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ wádìí orúkọ tó wà nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu ẹ̀jẹ́ńtì.

Ẹ tún béèrè ẹgbẹ́ kúlóòsì. Tiwa ṣì ń jáde ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù láti kó gọ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba fagi lé dandan rẹ̀ lọ́dún 2016. Owó tí à ń dá la fi ra ìdérí kọnkéré tuntun, òun náà la fi bẹ lándílọ́ọ̀dù kan títí tó fi wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò lójú ihò páìpù. Ẹ ní kí akọ̀wé fi ìwé owó hàn yín. Bí kò bá ní, ẹ wo kúlóòsì tó tẹ̀lé e.