Ìbéèrè tí mi ò bi màámi

Oṣù kejìlá ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Alaalẹ́ ni màámi máa ń pè mí láti Ìkìrun, lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n tó gbàdúrà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé fóònù, ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ rárá, bíi ti ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun.

"Àjọkẹ́, ọyẹ́ ọdún yìí mà le o."

Èmi náà gbà pé ọyẹ́ ni.

Apòògùn ni mí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró lẹ́yìn káńtà ní Òṣogbo. Kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í wọlé wá sọ pé, "Ẹ bá mi wá oògùn ikọ́." Mo sì máa ń bi wọ́n: irú ikọ́ wo ni? Ó ti tó ọjọ́ mélòó? Ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jáde? Oògùn mìíràn wo lẹ ń lò lọ́wọ́? Ìyá tó bí mi nìkan ni mi ò bi ní ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi wúkọ́ nítorí rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìgò tí mo kọ́kọ́ fi rán awakọ̀ tó ń ná Ìkìrun, guaifenesin ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ fojú inú wo ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Inú rẹ̀ kò gbẹ. Ikun fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò ó, irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sì ń gbá ikun náà lọ sókè síhà ọ̀fun tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú eruku àti kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. A ń gbé e mì láìmọ̀. Bí òtútù bá mú wa, ikun yìí á pọ̀, á sì ki, àwọn irun yẹn kò ní lágbára tó láti gbé e mọ́. Ikọ́ ló máa ń wá bá wọn tì í. Guaifenesin ń jẹ́ kó ṣàn. Bromhexine, ambroxol àti carbocisteine náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bá jà: wọ́n ń sọ èyí tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá di ohun tó rọrùn láti hú síta. Omi mímu dáadáa sì ń ran gbogbo wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n màámi kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Kí ni oògùn náà fẹ́ jẹ́ kó ṣàn?

Ìgò kejì, dextromethorphan ni mo fi ránṣẹ́. Èyí kì í lọ sí àyà. Orí ló ń lọ. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí orí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn, ibẹ̀ ni àṣẹ ikọ́ ti ń jáde. Bí nǹkan bá rin iṣan ìmọ̀lára tó wà ní ọ̀fun tàbí ní ọ̀nà èémí, iṣan náà á gbé ìròyìn lọ síbẹ̀, ibẹ̀ á sì pàṣẹ pé kí àyà tú afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú agbára. Dextromethorphan ń mú kí ibẹ̀ má tètè dáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ikọ́ gbígbẹ tí kò jẹ́ kéèyàn sùn ni mo máa ń fi í sí. Ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún àyà rẹ̀, kò yẹ ká pa ikọ́ mọ́ ọn nínú. Ó máa ń yà mí lẹ́nu tí mo bá rí ìgò kan ṣoṣo tí wọ́n po méjèèjì pọ̀ sínú rẹ̀: ọ̀kan ní ká gbá ìdọ̀tí síta, èkejì ní ká tilẹ̀kùn.

Kódéènì náà, orí yẹn kan náà ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọ́fíìnì, ẹ̀dọ̀ àwọn kan sì máa ń yára ṣe é ju ti ẹlòmíràn lọ, débi pé èémí ọmọdé lè já lójú oorun. Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 fẹnu kàn án. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti sọ ọ́ di ọtí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkódéènì àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní ikọ́ ń ṣe òun. Ó dúró síwájú mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí.

Màámi sùn dáadáa fún alẹ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ikọ́ tún gbé fóònù ṣáájú wọn.

Ará ilé wọn kan bá wọn ra kápúsù amoxicillin. Wọ́n lò ó tán kí n tó gbọ́. Kòkòrò bakitéríà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa. Fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ikọ́ tó bá òtútù wá, kò sí ohun tí amoxicillin lè fi fáírọ́ọ̀sì ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé orógbó àti oyin dé. Mi ò bá a jà rárá. Orógbó tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu ń mú itọ́ sun, itọ́ sì ń bo ọ̀fun tó ń yún. Oyin máa ń fara rọ ikọ́ òru, àní fún ọmọdé, bí ọmọ náà bá ti ju ọdún kan lọ. Kí ó tó pé ọdún kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn ìkókó kò lè kápá. Róòbù tí wọ́n fi ń ra àyà àti imú náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé menthol inú rẹ̀ kì í ṣí imú? Iṣan tó ń mọ òtútù ló ń fọwọ́ kàn, ọpọlọ á wá rò pé afẹ́fẹ́ tutù ń wọlé gan-an. Ara tu èèyàn lóòótọ́, imú sì dí síbẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ẹ̀rù ti ń bà mí. Ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò TB ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Mo gbé màámi lọ. Wọ́n ya fọ́tò àyà wọn, ó mọ́ kedere, kò sí ibà, kò sí òógùn òru, wọn ò sì rù. (Ẹni tó bá rí àwọn àmì wọ̀nyẹn, kó má ra ìgò kankan lọ́wọ́ mi. Àyẹ̀wò àti oògùn TB, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi lò ó, rifampicin inú rẹ̀ sì máa ń sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú. Kí ìyẹn má dẹ́rù bani débi téèyàn á fi dá oògùn náà dúró.)

Àjíǹde ni màámi wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ mi. Lálẹ́ àkọ́kọ́ mo ń gbọ́ wọn láti yàrá kejì. Mo dìde, mo gbé omi gbígbóná lọ bá wọn. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tú ọ̀rá dúdú kan sílẹ̀ kí wọ́n lè wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n gbàgbé láti lò. Káàdì oògùn mẹ́ta já bọ́ sórí aṣọ ìbora. Amlodipine, mo mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Vitamin C. Ẹ̀kẹta, hóró rẹ̀ kéré, wọ́n ti lo mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà sí iná. Lisinopril.

"Màámi, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ èyí?"

"Ṣé ìyẹn? Oṣù kọkànlá ni dókítà fi kún un. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò wálẹ̀ tó."

Mo jókòó sílẹ̀. Oṣù kọkànlá ni oògùn, oṣù kejìlá ni ikọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti gbà á pé ó lè fa ikọ́, ọmọ wọn tó ń ta oògùn kò sì béèrè.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara tó ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, òun ló ń parí ṣíṣe kẹ́míkà kan tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Èkejì, òun ló ń gé kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ bradykinin sí wẹ́wẹ́ kó má bàa pọ̀ jù. Lisinopril àti àwọn ẹbí rẹ̀, bíi ramipril àti enalapril, ọwọ́ ẹ́ńsáìmù yẹn ni wọ́n ń dè. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ tí a dè kò lè gé bradykinin mọ́. Á máa pọ̀ sí i ní ọ̀nà èémí, á máa rin iṣan ìmọ̀lára, ọ̀fun á máa yúnni, ikọ́ á dé. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń lò ó, ó lè tó ẹnì kan tó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì lè di oṣù mélòó kan. Gbogbo ìgò tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìkìrun, kò sí ọ̀kan tó ń lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mi ò ní kí wọ́n dá a dúró lálẹ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a já sílẹ̀ lójijì lè di rọpárọsẹ̀. Lọ́jọ́ Tuesday, bí ìsinmi ṣe parí, a lọ bá dókítà, ó sì fi losartan pààrọ̀ rẹ̀. Losartan kì í bá ẹ́ńsáìmù yẹn fà á. Ojú ilẹ̀kùn tí kẹ́míkà tó ń fún iṣan pọ̀ fẹ́ gbà wọlé ló lọ ń dí, bradykinin á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ikọ́ ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dín kù. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, màámi pè mí, a sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo tó mọ̀ pé wọn ò wúkọ́.

Ẹni tó bá ń lo irú oògùn yẹn, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ṣàdédé wú, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni mo fi ń ṣáájú. Ó ti ṣe mí láǹfààní nínú ilé náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, òru ló máa ń wúkọ́, àti tó bá sáré. Omi ikọ́ ni wọ́n ń fún un. Mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ ń súfèé. Ásímà ni, dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún nígbà tí wọ́n kọ ìńhélà fún un, torí wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá ti fẹnu kan ìńhélà kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ásímà, iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á fún un, inú rẹ̀ á sì wú. Ìńhélà aláwọ̀ búlúù, salbutamol, ń tú iṣan tó fún náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kì í fọwọ́ kan wíwú. Èyí tó ní beclometasone, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búráùn, ló ń mú wíwú wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á, kódà bí ara bá yá, wọ́n á sì fi omi yọ ẹnu kí funfun má bàa bo ahọ́n.

Lọ́dún 2023 tí ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, ìńhélà gbówó lórí gan-an. Spacer, ike tí wọ́n máa ń fi síwájú ìńhélà ọmọdé, kò wá ṣeé rà fún ẹ̀gbọ́n mi. A fi ìgò omi oníke ṣe é, èyí tó ń gba ìlàjì lítà. A fọ̀ ọ́, a gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀ tó bá ẹnu ìńhélà mu ṣinṣin, a fi téèpù dí etí rẹ̀. Àwọn dókítà ní South Africa ti dán irú rẹ̀ wò fún àwọn ọmọdé, ó sì ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà. Ọmọ náà á fi ẹnu bo ẹnu ìgò, a ó ju ìńhélà dáadáa, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìkùukùu funfun á kún inú ìgò, ọmọ á sì rọra mí sínú, mí síta, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ń fi ìka ka èémí náà fúnra rẹ̀.

Mo bẹ àwọn abiyamọ pé kí wọ́n má máa ra omi ikọ́ ọmọ wọn níbi tí wọn ò mọ̀. Lọ́dún 2008 sí 2009, ọmọ tó lé ní 80 kú ní Nàìjíríà nítorí oògùn eyín híhù tí diethylene glycol, kẹ́míkà olóró kan, wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, ó ṣẹlẹ̀ ní Gambia, omi ikọ́ àti ti òtútù, bí ọmọ 70 ló lọ. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ọmọ á ṣíwọ́ ìtọ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ yìí kí omi má lé sí mi lójú.

Ní alẹ́ àná, màámi pè. Wọ́n ti gba oògùn tuntun, páálí rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ fún mi. Ìwé mẹ́fà ni màámi kà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá gíláàsì wọn.

"L," wọ́n ní. "O. S. A." Wọ́n dúró, wọ́n gbé páálí súnmọ́ iná. "R. T. A. N."

Lẹ́tà mẹ́jọ, wọ́n sì kà á tán láì wúkọ́.