Nọ́ńbà 36 àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Àwọn tó ń lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì sábà máa ń bẹ̀rù tíọ́rì: ìmọ̀ nípa ọkàn ọmọdé, ìtàn ètò ẹ̀kọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kíláàsì kejì gan-an ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Ẹni tó gba kírẹ́díìtì nínú ìṣirò lè dúró níwájú ọmọ ọdún méje, kó má mọ ohun tí yóò sọ tí ọmọ náà bá béèrè ìdí tí a fi ń kọ 36 tí a sì ń pè é ní mẹ́rìndínlógójì.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ti ọ̀nà àbáwọlé. NCE, ọdún mẹ́ta, ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba Nàìjíríà ní kí tíṣà ní. Ẹni tó gba JAMB wọlé fún B.Ed., ìyẹn dìgírì iṣẹ́ tíṣà, yóò lo ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ti ní NCE lè gba Direct Entry bọ́ sí 200 level, kó lo mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ó kan ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. Ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí TP (teaching practice, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́mọ ní ilé ìwé) gbà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ yàn kí ẹ tó yàn án, torí kò dọ́gba káàkiri, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti ń wọ èèyàn lára.

Ó di orí 36. Láti 31 dé 34, ọgbọ̀n là ń fi nǹkan lé. Tó bá ti di 35, ogójì là ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ mẹ́rìndínlógójì gbọ́ ẹẹ́rin, ó gbọ́ ogójì. Kò gbọ́ ọgbọ̀n, kò gbọ́ ẹẹ́fà. Tó bá kọ 44, ohun tó gbọ́ ló kọ. Tíṣà tó bá fi ẹgba dá a lóhùn ló ṣàṣìṣe.

Ìgbálẹ̀ ló ń tú kókó yìí. Ẹ gé ọwọ̀ sí ìwọ̀n kan náà, bí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ fi rọ́bà di mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kíláàsì ọlọ́mọ 40, tí ẹ bá pín wọn ní márùn-ún-márùn-ún, jẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Ìdì mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ìyẹn ẹyọ 320 fún gbogbo ẹgbẹ́; ẹ tún di ẹyọ 40 fún ara yín. Ilé ni kí ẹ ti dì í. Tó bá jẹ́ inú kíláàsì lẹ ti fẹ́ máa dì í, ìṣẹ́jú 35 ti ẹ̀kọ́ náà ti tán nìyẹn. Ẹ ka ìdì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, torí ìdì kan tó jẹ́ mẹ́sàn-án yóò da gbogbo àlàyé yín rú.

Kí ọmọ gbé ìdì mẹ́rin kalẹ̀: ogójì rèé. Kó tú ìdì kan, kó mú mẹ́rin kúrò níbẹ̀. Kí ló kù? Ìdì mẹ́ta, ẹyọ mẹ́fà. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó kọ 36 sójú pátákó, kí ẹ nawọ́ sí 3 pẹ̀lú ìdì, kí ẹ nawọ́ sí 6 pẹ̀lú ẹyọ. Ẹnu ti sọ ogójì dín mẹ́rin, ọwọ́ ti rí ọgbọ̀n lé mẹ́fà, ọmọ sì rí i pé ọ̀kan náà ni.

Kì í ṣe òní ni a ti mọ̀ pé èdè wa gba ìṣirò. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣáájú iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí tíṣà ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tíṣà ń kà nípa rẹ̀ fún ìdánwò nìkan.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ lesson note ẹ̀kọ́ yìí, ibi èròńgbà ni súpáfáísọ̀ yóò kọ́kọ́ wò. “Ọmọ yóò mọ nọ́ńbà 36” kò wúlò, torí ojú kì í rí mímọ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ọmọ yóò lè fi ìdì àti ẹyọ to nọ́ńbà márùn-ún láàárín 31 sí 39, kó sì kọ wọ́n. Ìyẹn ṣeé wò, ó ṣeé máàkì. Àṣìṣe kejì ni “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì yóò pariwo “Bẹ́ẹ̀ ni mà!”, àtẹni tó yé àtẹni tí kò yé. Ẹ béèrè ìbéèrè gidi, ẹ dákẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ẹ tó dárúkọ ẹni tí yóò dáhùn. Tí ẹ bá ti kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn tó kù ti sinmi ìrònú. Ohun tí micro-teaching wà fún gan-an nìyí: ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ọgbọ́n kan ṣoṣo, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn àtúnṣe.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má kàn fi X sínú ìwé wọn. Ẹ to ìwé náà bí àṣìṣe ṣe rí. Ẹni tó kọ 44 ń tẹ̀ lé ohùn Yorùbá. Ẹ dá a padà sídìí ìgbálẹ̀. Ẹni tó kọ 306 ń tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì: “thirty” ló kọ́kọ́ kọ, ló wá so “six” mọ́ ọn, àyè ìdì àti àyè ẹyọ ni kò tíì yé e, ẹ fa ìlà méjì sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó kọ 63 mọ iye náà, ibi tí nọ́ńbà ń jókòó ló dà á láàmú. Ẹgbẹ́ mẹ́ta nìyẹn ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.