A tú Ìjàpá yẹn palẹ̀ lánàá

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn gírísì bí mo ṣe ń tẹ èyí. Volkswagen Ìjàpá yẹn la tú palẹ̀ lánàá, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó wà lẹ́yìn, bóòtì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, a ki jáàkì sábẹ́ ẹ̀, a rọra ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kò kúkú ní rédíétọ̀ torí atẹ́gùn ló fi ń tutù, bó ṣe bọ́ wẹ́rẹ́ nìyẹn. Ohun tó pa ọkọ̀ náà wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí bátìrì ń gbé: mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ásíìdì ti jẹ irin ibẹ̀ tán, mo fi ìka kan án báyìí, ó wọlé lọ, mo wá ń wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láti inú ọkọ̀. Háà! Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ, tí wọn ò ṣe mọ́ láti 2003, kí n wá gbé odindi ẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin? Rárá o. Àwọn ilẹ̀kùn àti iná ṣì dáa, ẹni tó ń tún tiẹ̀ ṣe á rí wọn lò. Bọ́dì tó ti dípẹtà nìkan ló lọ. Sítíà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, mi ò lè tà á.