Rélùwéè Ni Mussolini Wọ̀ Dé Róòmù

Nílé wa, ogun Hítílà ni àwọn àgbà fi ń ka ọjọ́ orí. "Ogun Hítílà ò tíì parí nígbà tí wọ́n bí mi," ni ìyá bàbá mi máa ń wí, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló fa ogun ọ̀hún. Hítílà fẹ́ jagun, ó sì jagun. A gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé Hítílà gan-an lọ́gàá, pé ará Ítálì kan ti gorí àga ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, tí Hítílà sì ń wò ó kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Milan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ tọ ipasẹ̀ Benito Mussolini láti ibẹ̀ dé Róòmù.

Kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. "Ẹgbẹ́ ẹ ń wá ra bàtà ní Milan, ìwọ ń wá ipasẹ̀ òkú." Àmọ́ ó tẹ̀lé mi.

Ìtòsí Via Padova ló ń gbé, àdúgbò tí àwọn àlejò pọ̀ sí, tí èèyàn ti lè rí ẹni bá a di irun, tí á sì rí iṣu rà. Piazzale Loreto ló ti ń wọ mẹ́trò lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Oríta ńlá kan ni, ọkọ̀ ń yí i po látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí ohun tó wu ojú níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n so òkú Mussolini rọ̀ sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1945, pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò lára irin ilé epo kan.

"Níbí? Níbi tí mo ti ń wọ mẹ́trò? Kí lo wá ń sọ ọ́ fún mi fún?"

Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Mo ní ó nídìí tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé e wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn Fáṣíìsì, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mussolini, yìnbọn pa ọkùnrin 15 tó ń bá wọn jà lójú kan náà, wọ́n sì fi òkú wọn sílẹ̀ nínú oòrùn kí ará ìlú lè máa wò wọ́n. Ará ìlú ò gbàgbé.

Láti Loreto, ìlà pupa mẹ́trò ló gbé wa dé Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Milan, a sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé Piazza San Sepolcro, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbàgede kékeré ni, tó dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn gbogbo ariwo Duomo. Ilé tí wọ́n ti ṣe ìpàdé ọ̀hún, àgọ́ ọlọ́pàá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1919, Mussolini kó àwọn èèyàn jọ síbẹ̀, wọn ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ: ṣọ́jà tó ti ogun dé tí kò ríṣẹ́ ṣe, akéwì, oníwèé ìròyìn, àwọn tínú ń bí. Oníwèé ìròyìn ni òun alára. Sóṣálíìsì ni tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, òun ló ń darí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó lé e lọ́dún 1914 torí ó ní kí Ítálì wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Ítálì wọ̀ ọ́ lóòótọ́, nǹkan bí 600,000 ṣọ́jà rẹ̀ sì kú síbẹ̀.

Ẹ má rò pé ará Milan dìde sí i o. Ní ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìbò tó rí ní ìlú tó jẹ́ tirẹ̀ ò pé 5,000. Kò rí àga kan ṣoṣo. Àwọn Sóṣálíìsì gbé pósí gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá, wọ́n ń ṣe òkú òṣèlú rẹ̀ fún un.

Ẹ̀rù tó ba àwọn olówó ló jí òkú yẹn. Lọ́dún 1919 àti 1920, ìyanṣẹ́lódì ò dáwọ́ dúró ní àríwá Ítálì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1920, àwọn òṣìṣẹ́ gba ilé iṣẹ́ mọ́ àwọn ọ̀gá wọn lọ́wọ́ ní Milan àti Turin, wọ́n sì ń sùn síbẹ̀. Ní ìgbèríko ẹ̀bá odò Po, ẹgbẹ́ àwọn lébìrà oko ti lágbára débi pé àwọn ló ń pinnu ẹni tí onílẹ̀ máa gbà síṣẹ́. Àwọn onílẹ̀ bá ránṣẹ́ pe àwọn Fáṣíìsì. Wọ́n fún wọn lówó, wọ́n wá ọkọ̀ akẹ́rù fún wọn. Lóru, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú á ya wọ abúlé, wọ́n á dáná sun ilé ẹgbẹ́, wọ́n á fi kóńdó lu olórí ẹgbẹ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, wọ́n á wá fi túláàsì da òróró lárà sí i lọ́fun títí tí yóò fi ṣe é sára. Ẹ̀yin tí wọ́n fún ní kásítọ̀ ọ́ìlì mu ní kékeré mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á kọ́kọ́ dójú ti èèyàn níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn ló kù. Ọlọ́pàá á dúró síbẹ̀, kò ní rí nǹkan kan.

Nígbà tí ìdìbò 1921 dé, Giovanni Giolitti, àgbà òṣèlú tó ń ṣe olórí ìjọba lẹ́ẹ̀karùn-ún, fi orúkọ wọn kún orúkọ àwọn olùdíje tirẹ̀. Ó rò pé òun á fi wọ́n rẹ àwọn Sóṣálíìsì wálẹ̀, pé tó bá yá ara wọn á rọ̀. Wọ́n gba àga 35. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Èmi ò sì rí ẹni tó la ògiri yìí ju Giolitti lọ, àfi ọba.

Kí n tó dé orí ọba, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Milano Centrale, torí ibẹ̀ ni a ti wọ rélùwéè lọ sí Róòmù. Ìjọba Mussolini ló ṣí ibùdókọ̀ náà lọ́dún 1931: òrùlé gíga fíofío, òkúta wíwúwo, ẹṣin abìyẹ́ níwájú. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ pé òun kéré. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibì kan wà tí wọ́n kọ́ fún kíkó lẹ́tà. Láti oṣù kejìlá ọdún 1943, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ti àwọn Júù sínú wágọ̀nù ẹrù. Ẹ̀rọ á wá gbé wágọ̀nù náà gòkè sójú irin, àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lókè ò sì ní rí nǹkan kan. Liliana Segre jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Auschwitz láti ibẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1944. Ó yè é. Lọ́dún 2018 wọ́n fi í jẹ sẹ́nétọ̀ títí ayé rẹ̀. Ilé ìrántí ni ibẹ̀ báyìí, wágọ̀nù díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ téèyàn lè wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ọ̀kan, ó na ọwọ́ méjèèjì láti fi wọn ìbú rẹ̀, ó wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sílẹ̀. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀ bàtà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Wákàtí mẹ́ta ni rélùwéè ayé òde òní fi dé Róòmù. Mussolini fi òru kan rìn ín ní ọdún 1922, inú wágọ̀nù alábẹ́ẹ̀dì ló sì sùn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn nínú ìtàn tí wọ́n ń pè ní "ìwọ́de lọ sí Róòmù". Ní ọjọ́ 27 àti 28 oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà lẹ́yìn odi ìlú, òjò ń pa wọ́n, ìbọn wọn ò tó nǹkan, oúnjẹ wọn ò tó. Òun alára wà ní Milan, níbi tí ọ̀nà àtisá lọ sí Switzerland ò ti jìnnà. Ológun ìjọba tó wà ní Róòmù lè tú wọn ká láàárín wákàtí mélòó kan. Luigi Facta, olórí ìjọba, ti kọ ìwé òfin pàjáwìrì sílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọwọ́ ọba Vittorio Emanuele III nìkan ló kù. Ọba ní òun ò fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ogun abẹ́lé ń bà á, ẹ̀rù mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Duke ti Aosta, tí àwọn Fáṣíìsì fẹ́ràn, náà ń bà á. Dípò kó fọwọ́ sí ìwé, ó fi wáyà pe Mussolini kó wá ṣe olórí ìjọba. Lọ́jọ́ 30, rélùwéè gbé e wọ Róòmù. Ọmọ ọdún 39 ni.

A dúró níwájú ààfin Quirinale, ibi tí ọba ń gbé nígbà yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró ṣánṣán ni àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò. Mo ń ro iye ìgbà tí ẹ̀mí àìlóǹkà èèyàn ti wà lórí pẹ́ẹ̀nì tẹ́nì kan ò gbé. Ọba nìkan kọ́ o: ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ilé aṣòfin tí Fáṣíìsì 35 péré wà nínú rẹ̀ dìbò ìgbẹ́kẹ̀lé fún Mussolini, 306 sí 116. Lọ́dún 1923 wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe òfin pé ẹgbẹ́ tó bá ṣáájú, bí ìbò rẹ̀ bá ti lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ni yóò kó ìdá méjì nínú mẹ́ta àga.

Ẹni kan sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1924, Giacomo Matteotti, aṣòfin Sóṣálíìsì kan, dìde nílé aṣòfin, ó ka jìbìtì àti ìwà jàgídíjàgan inú ìdìbò tí wọ́n fi òfin yẹn ṣe sí wọn létí, bí wọ́n ṣe ń hó lé e lórí. Wọ́n ní nígbà tó jókòó, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa múra ọ̀rọ̀ ìsìnkú òun. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà, àwọn Fáṣíìsì kan fà á sínú mọ́tò létí odò Tiber, wọ́n sì pa á. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn ìlú. Ère ìrántí wà níbi tí wọ́n ti gbé e, lójú ọ̀nà Lungotevere Arnaldo da Brescia. Ọkọ̀ ń sáré kọjá níbẹ̀ gan-an, èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Tẹ́ ẹ bá lọ sí Róòmù, ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ju owó wẹ́wẹ́ sínú omi Trevi.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí Mussolini ṣubú. Ìlú ń bínú, àwọn èèyàn rẹ̀ pàápàá ń sá fún un. Àwọn aṣòfin alátakò jáde nílé aṣòfin, wọ́n ń retí kí ọba lé e. Ọba dákẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1925, Mussolini dìde, ó ní ọrùn òun ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà, kí ẹni tó bá lè mú òun wá mú òun. Ẹnì kankan ò gbéra. Nígbà tí ọdún 1926 fi máa parí, kò sí ẹgbẹ́ míì, kò sí ìwé ìròyìn tó lómìnira, Antonio Gramsci, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ti wà lẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1931 wọ́n ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì búra fún ìjọba. Nínú àwọn tó lé ní 1,200, bí 12 ló kọ̀.

Ìjọba tó fi ìjà dé orí àga, ìjà ló máa fi jẹun. Palazzo Venezia wà láàárín ìlú gan-an, bákónì tí Mussolini ti ń pariwo sí àwọn èèyàn ò tiẹ̀ tóbi. Ibẹ̀ ló dúró sí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1935 tó kéde ogun lórí Ẹtiópíà. Ní Adwa lọ́dún 1896, àwọn ará Ẹtiópíà lu Ítálì lálùbolẹ̀, ìtìjú yẹn ló sì fi ń ta wọ́n jí. Níwájú bákónì náà ni ilé òkúta funfun ńlá tí wọ́n ń pè ní Altare della Patria wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá, ayaba Elena bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ síbẹ̀ fún owó ogun, àwọn obìnrin tò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bọ́ tiwọn, wọ́n ń gba òrùka irin dípò. Ẹ̀gbọ́n mi wo òrùka tirẹ̀. "Èmi? Kí n bọ́ ọ fún ta ni?"

Wúrà yẹn kọ́ ló ṣẹ́gun o. Gáàsì olóró ni wọ́n ń da sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfúrufú, bẹ́ẹ̀ Ítálì ti fọwọ́ sí ìwé ní Geneva lọ́dún 1925 pé òun ò ní lò ó. League of Nations, àjọ àgbáyé ìgbà yẹn tí Ẹtiópíà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, fòfin de òwò pẹ̀lú Ítálì, ṣùgbọ́n wọn ò fi epo rọ̀bì kún un. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọ̀nà omi Suez sílẹ̀ gbayawu fún ọkọ̀ ogun rẹ̀. Hítílà ń wo gbogbo wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1936 ó kó ṣọ́jà wọ Rhineland, agbègbè Jámánì tí àdéhùn ní kò gbọ́dọ̀ kó ṣọ́jà sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún Addis Ababa bọ́ sọ́wọ́ Ítálì.

Mẹ́trò ìlà B gbé wa dé Circo Massimo. Tẹ́ ẹ bá jáde, ilé FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ, lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n rì òpó òkúta Aksum tí wọ́n kó láti Ẹtiópíà mọ́ lọ́dún 1937, mítà 24 ni gíga rẹ̀. Ká ní ẹnì kan wá sí Ilé-Ifẹ̀, ó wú Ọ̀pá Ọ̀rányàn, ó lọ rì í síwájú ọ́fíìsì tó ti ń pàṣẹ lé wa lórí! Lọ́dún 1947 Ítálì fọwọ́ sí i pé òun á dá a padà. Ọdún 2005 ló tó padà sílé. Lọ́dún 1937 yẹn náà, lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Graziani, ọ̀gágun Ítálì tó ń ṣàkóso Ẹtiópíà, ní Addis Ababa, àwọn ará Ítálì fi ọjọ́ mẹ́ta pa ará ìlú ní ìpakúpa. Ẹtiópíà ní 30,000 èèyàn ni. Lọ́dún 2012, abúlé kan tó ń jẹ́ Affile, tí kò jìnnà sí Róòmù, kọ́ ilé ìrántí fún Graziani.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní ilé ìwé ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó lé Ítálì jáde ní Ẹtiópíà. Bìrìgéèdì Nàìjíríà, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ará Òkè Ọya, wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n gba òkè Marda, wọ́n sì gba Harar ní oṣù kẹta. Ní Ìbàdàn, Bọ́mà nìkan ni mo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń sọ ti àwọn ṣọ́jà àtijọ́. Harar ni mo fẹ́ lọ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kọfí ibẹ̀ lòún ń gbọ́ ní tòun, tó bá jẹ́ ìyẹn ni, òun náà ń bọ̀.